Ìbà Ẹ̀yin Agbẹjọ́rò Àkèré

Ẹ jẹ́ kí n júbà kí n tó bú yín. Ìbà ẹ̀yin Conservation Commission ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ ìlú tó ń ṣọ́ àbàtà àti odò, ẹ̀yin tí ará ìlú ń pè ní ConCom. Ìbà bàtà òjò yín tó ga dé orúnkún. Ìbà àkèré inú àbàtà, oníbàárà tí ẹ̀ ń bá rojọ́ láìgba kọ́bọ̀.

Ìlú 351 ló wà ní ìpínlẹ̀ náà, kò sì sí èyí tí ẹ ò sí. Láti 1957 lòfin ti fàyè gba ìlú láti yàn yín: ẹni mẹ́ta ó kéré tán, méje ó pọ̀ jù. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ìyá àgbà tó mọ orúkọ gbogbo ewé, àti bàbá kan tí mo fura sí pé ìyàwó rẹ̀ ló ń lé e jáde lálẹ́ ọjọ́ ìpàdé. Ẹni tí kò gbowó tó sì ń wọn àbàtà nínú òtútù, ẹ bẹ̀rù rẹ̀.

Olówó kan ra ilé sẹ́bàá omi, ó ní òun á kan dẹ́ẹ̀kì sẹ́yìnkùlé, òun á máa sun ẹran níbẹ̀. Ilẹ̀ rẹ̀, owó rẹ̀. Ẹ gbé téèpù dé: "Alàgbà, ẹsẹ̀ bàtà 100 sí etí àbàtà, ọ̀rọ̀ wa ni." Bó bá jẹ́ odò, ọwọ́ yín tún gùn dé 200, látìgbà tí òfin odò ti jáde ní 1996. Ó di kí ó gba onímọ̀ àbàtà tí yóò ri àwọn àsíá kékeré onínọ́ńbà mọ́lẹ̀, tí yóò wú erùpẹ̀ wò bóyá àwọ̀ rẹ̀ ti dà bí eérú. Lọ́jọ́ ìpàdé, ó kó lọ́yà wá, ó kó ẹnjiníà wá. Ìyá àgbà gbé ojú sókè: "Ṣé àkèré máa ń gba ibí yìí kọjá?" Lọ́yà wo ẹnjiníà, ẹnjiníà wo máàpù. Máàpù ò mọ nǹkan kan nípa àkèré.

Ó wá ku ẹranko tí wọ́n ń pè ní beaver. Ó gé igi, ó dí odò, ó sọ oko olóko di adágún, kò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ wó ohun tó kọ́ ló gbọ́dọ̀ wá gbàṣẹ! Beaver nìkan ni kọ́lékọ́lé tí ẹ ò bi ní pláànù rí.

Ti kòtò omi ìgbà ìrúwé tí ẹ ń ṣọ́ ni kò jẹ́ kí n mẹ́rìn-ín mọ́ra. Omi yìnyín ló kún un, á gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lójú àlejò, ààtàn ló yẹ kó jẹ́. Àmọ́ bí òjò bá rọ̀ lálẹ́ kan tí òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, àwọn ẹranko kékeré dúdú alámì yẹ́lò tí wọ́n ń pè ní salamander á jáde lábẹ́ ilẹ̀ wá yé síbẹ̀, torí kò sí ẹja tí yóò jẹ ọmọ wọn. Àwọn ará ìlú á ti gbé tọ́ọ̀ṣì dúró, wọ́n á máa gbé wọn sọdá títì lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Ǹ bá bú yín títí ilẹ̀ á fi mọ́, odò Charles ni ò jẹ́. Ẹnjiníà àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà wá bí wọ́n ṣe máa dá omíyalé dúró, wọ́n ní kí wọ́n kúkú fi àbàtà òkè odò sílẹ̀. Ìjọba bá ra ilẹ̀ àti ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ tó lé ní 8,000 éékà, kí omi lè ríbi jókòó, kó máa ṣàn lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ti gbọ́n omi kúrò lábẹ́ ilé rí kò ní bi yín ìdí tí ẹ fi le koko.

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ ń ra ilé lọ́hùn-ún, ẹ gbọ́: ìwé àṣẹ tí ConCom bá fún yín, ẹ fi sílẹ̀ lọ́fíìsì àkọsílẹ̀ ilẹ̀ kí ṣọ́bìrì tó kanlẹ̀. Bíṣẹ́ bá parí, ẹ padà lọ gba ìwé pé ó parí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ tà á, lọ́yà ẹni tó fẹ́ rà á á wú u jáde, owó yín á sì dúró sí báǹkì ẹlòmíì.