Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n: Wọ́n Ní Mo Ń Fòru Ṣàjẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí o. Agogo méjì òru ni mo máa ń bọ́ sẹ́yìnkùlé láti ya ìràwọ̀. Màmá Ìsàlẹ̀ yọjú lójú fèrèsé, wọ́n rí mi tí mo gbójú sókè, tí iná pupa ń ṣẹ́jú lára kámẹ́rà. Wọn ò dáhùn kíkí mi mọ́. Àwọn ayálégbé yòókù náà, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni wọ́n ń gbà kọjá lára mi.
Abójúsókè, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn

Àbúrò mi, ta ló ní kó o jiyàn? Ṣebí gílóòbù ẹnu ọ̀nà Màmá Ìsàlẹ̀ ló ń ba fọ́tò rẹ jẹ́? Lọ bá wọn nírọ̀lẹ́, dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, kó o rọra sọ pé, “Màmá, iná yín yìí ń dí iṣẹ́ òru mi lọ́wọ́.” Má fi ọ̀rọ̀ kankan lé e. Kó o tó dìde nílẹ̀, wọ́n á ti pa á.

Tílẹ̀ bá ṣú dáadáa, gbé kámẹ́rà lé ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, ISO 1600, ìṣẹ́jú àáyá 15, kó o kọjú sí gúúsù. Lóṣù kẹta, ní nǹkan bí agogo kan òru, wàá rí ìràwọ̀ mẹ́rin tó to ara wọn bí àgbélébùú, kò ga púpọ̀. Yà á, kó o gbé e lọ fún Màmá láàárọ̀. Àgbélébùú lójú ọ̀run! Kílẹ̀ tó ṣú, àjẹ́ ti di wòlíì nìyẹn. Bí wọ́n bá gbé ọrẹ wá, gbà á. Bátìrì ò ní ra ara rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa, owó oúnjẹ ti di lẹ́ńsì. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo ti bá rísíìtì. Ọkọ mi kì í sùn nílé mọ́, òrùlé ló ń sùn.
Ìyá Ìbejì, Agége

Ìyá Ìbejì, ẹ má bá wọn jà rárá. Òṣùpá wà lẹ́yìn yín. Bó bá ti di àranmọ́jú, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á bo ìràwọ̀ wẹ́wẹ́ mọ́lẹ̀, kò sóhun tí bàbá lè yà mọ́ àfi òṣùpá fúnra rẹ̀. Ìyẹn ò sì gbà ju ìdá kan nínú 125 ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Kí ni wọ́n fẹ́ fi òru tó kù ṣe? Ẹ fi bírò pupa yí gbogbo alẹ́ àranmọ́jú ká lórí kàlẹ́ńdà. Ẹ fi ìkùukùu ìgbà òjò kún un, ẹ fi eruku ọyẹ́ kún un. Ẹ ti rí i pé ọkọ yín ò lọ jìnnà. Ní ti rísíìtì, ẹ dá a padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ fi ti léèsì tiyín lé e lórí.

Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ìràwọ̀ tí mo yà ló fà gùn bí ìlà. Ṣé ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n ni?
Agbọ̀nwọ́

Ayé ló ń yí, ọ̀gbẹ́ni. Dígírì 15 ló ń yí ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kò sì ní dúró nítorí fọ́tò rẹ. Fi nọ́ńbà lẹ́ńsì rẹ pín 500: bó bá jẹ́ 50mm, má kọjá ìṣẹ́jú àáyá 10. Bó bá ṣì gùn, yà á fún wákàtí kan gbáko, kó o sọ fún gbogbo ayé pé bó o ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Àwọn ògbóǹtarìgì ń mọ̀ọ́mọ̀ yà á bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń gbé e kọ́ sí pálọ̀.