Ọlọ́dẹ Orí Ti Bá Olè Dòwò Pọ̀

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí kò bá wa débi tí a dé. Ká ní wọ́n gba etíkun Oníru nílùú Èkó kọjá lónìí ni, wọn ì bá bá alákàn níbi tí wọ́n fi í sí: ojú rẹ̀ méjèèjì yọ síta, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. Wọn ì bá sì rí ọmọ ènìyàn tó ń sọdá títì, tó tẹrí ba fún fóònù, tí onímọ́tò ń tẹ fèrè títí tí kò gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ Oníru kì í fi ọ̀rọ̀ ààbò ṣeré. Wáyà oníná wà lórí odi, kámẹ́rà wà lábẹ́ wáyà, ọlọ́dẹ wà lẹ́nu géètì, ajá wà lẹ́yìn ọlọ́dẹ. Orí nìkan ni kò ní géètì. Ojú tí Ẹlẹ́dàá fi ṣe ọlọ́dẹ rẹ̀ ti bá olè dòwò pọ̀.

Ẹ wo ọ̀gá kan lẹ́nu géètì ẹ̀sítéètì lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń lọ. Inú fóònù ni kóòdù tí yóò fi wọlé wà, fóònù sì ti kú.

"Ọ̀gá, nọ́ńbà ilé ńkọ́?"

"Inú fóònù ló wà."

"Ẹ gba tèmi, ẹ fi pe ẹ̀gbọ́n yín."

Ọ̀gá gbójú sókè. "Ó parí sí 47. Àbí 74."

"Ti ìyàwó yín ńkọ́, sà?"

Ọ̀gá kò fèsì. Bàbá ọlọ́dẹ tó ń bi í yìí mọ nọ́ńbà mọ́tò gbogbo onílé àdúgbò náà lórí, ó sì mọ èyí tí kò fún un lówó ọdún.

Lọ́dún 2011, Betsy Sparrow àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science: ohun tí ènìyàn bá gbà pé kọ̀ǹpútà ti bá òun tọ́jú kì í sábà dúró lórí rẹ̀, ibi tó tọ́jú rẹ̀ sí ló ń rántí. Ọ̀gá kúkú rántí dáadáa pé inú fóònù ló wà.

Ti oorun tún wà níbẹ̀. Díákónì kan ń gbé Ajah, Oníru ló ti ń ṣiṣẹ́. Aago mẹ́rin ìdájí ló ń jí, nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Lẹ́kkí. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó délé, tó jẹun, tó fẹ̀yìn lélẹ̀, ta ló rán an ní "kí n kàn wo fídíò ẹyọ kan"? Ẹyọ kan bí méjì, méjì bí ogún, aago mọ́kànlá lù. Lọ́dún 2000, Williamson àti Feyer fi hàn pé ẹni tó ti lajú fún wákàtí 17 sí 19 lè máa ṣe bí ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó 0.05%, tàbí kó burú jù bẹ́ẹ̀. Díákónì kò fẹnu kan ọtí rí, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ti wà ní bíà pálọ̀.

Àìsùn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ wa. Lọ́dún 1960, Raymond Prince, dókítà ọmọ Kánádà tó ti ṣiṣẹ́ ní Aró, Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àìsàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n ń pè ní brain fag: orí á máa gbóná, wọ́n á kàwé, kò ní wọlé. Lọ́dún 1980, Morákinyọ̀ ní Ifẹ̀ tọ́ka sí àìsùn àti àwọn ohun tí wọ́n fi ń lé oorun lọ pé wọ́n wà lára ohun tó ń fà á. Àwọn ìyẹn kúkú fi oorun wọn kàwé. Àwa fi tiwa dá ẹjọ́ tọkọtaya tí a kò mọ̀ rí lórí fóònù.

Oorun ni ọpọlọ sì fi ń to ohun tó kọ́ lójúmọ́. Ìyá ọmọ kò rò ó débẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá gbàgbé ẹ̀kọ́, á gba tíṣà lẹ́sìn, á ra ìsọ̀yè òyìnbó oníkóró, á gbé e fún ọmọ lórí bẹ́ẹ̀dì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábúlẹ́ẹ̀tì tí kì í kú lóru.

Ìsọ̀yè tèmi kò ní ewé, kò ní egbò: kí fóònù sùn ní pálọ̀ láti aago mẹ́sàn-án, kí ọmọ fi orí ara rẹ̀ jà pẹ̀lú iṣẹ́ ilé kó tó bi ẹ̀rọ, kí àgbàlagbà mọ nọ́ńbà ènìyàn mẹ́ta lórí. Kò náni ní kọ́bọ̀. Ìdí nìyẹn tí ará Oníru kò fi ní gbà pé ó ń ṣiṣẹ́.