Ṣòkòtò Tí Ó Gbé Sókótó Mì

Àwọn àgbà tí ó sọ pé ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò, bí wọn kì í bá ṣe ará Rẹ́mọ, a jẹ́ pé òwe lásán ni wọ́n ń pa. Nítorí pé ní Ṣàgámù tiwa yìí, kì í ṣe inú òwe nìkan ni a ti mọ Sókótó, ojú ọ̀nà ni a ti mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà tí àwọn bàbá wa ti fi oko gbànja rọ́pò igbó, tí àwọn Hausa sì wá tẹ̀dó sí Sábó láti máa ra obì lọ́wọ́ wa, ni ọkọ̀ akẹ́rù ti ń kó apẹ̀rẹ̀ obì tí a fi ewé tẹ́ nínú kúrò ní Ṣàgámù lọ sí Òkè Ọya, tí owó sì ń ti ibẹ̀ bọ̀ wá kọ́lé fún wa, tí ó ń rán ọmọ wa lọ sí ilé-ìwé. Nítorí náà, nígbà tí bàbá kan ní Rẹ́mọ bá pa òwe yẹn fún ọmọ rẹ̀, kì í ṣe pé kí ọmọ má rìnrìn àjò ni ó ń wí, nítorí ìrìn àjò ni ó bọ́ bàbá náà yó. Ohun tí ó ń wí ni pé kí ọmọ kọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ àpò wò ná, kí ó tó san owó ọkọ̀.

Ó dùn mí pé àwọn àgbà yẹn kò dúró dé ìgbà tiwa, kí wọ́n wá rí bí ayé ti gba òwe wọn gbọ́ ju bí àwọn tìkára wọn ti gbà á gbọ́ lọ. Ayé ti kó Sókótó, ó ti kó Lọ́ńdọ̀n, ó ti kó gbogbo pápá bọ́ọ̀lù tí ń bẹ láyé àti gbogbo ariwo tí ń bẹ nínú wọn, ó ti rọ́ wọn sínú àpò ṣòkòtò, ó ní kí a máa gbé wọn kiri, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà láti Ṣàgámù lọ sí Ìpẹru fi lè máa wo ìdíje tí wọ́n ń gbá ní Mánṣẹ́sítà kí ó tó sọ̀ kalẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí òwe kò sọ fún wa ni iye tí àpò yóò máa gbà lọ́wọ́ wa kí ó tó jẹ́ kí a ti ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ti ìtòsí ṣáájú. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin 2025, ní pápá ìṣeré Ìkẹ́nnẹ́, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Remo Stars, tí Kunle Soname dá sílẹ̀, tí Daniel Ogunmodede sì ń kọ́ wọn, gbá Niger Tornadoes ní góòlù kan sí òdo, wọ́n sì fi bẹ́ẹ̀ gba ife líìgì Nàìjíríà nígbà tí ó ṣì ku ìdíje mẹ́ta nílẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe ipò kejì lọ́dún méjì léra. A kò gbọ́ irú rẹ̀ rí ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, a kò sì gbọ́ ọ rí ní gbogbo Ìpínlẹ̀ Ògùn. Abiola Babes ti Abẹ́òkúta pàápàá, pẹ̀lú gbogbo òkìkí rẹ̀ láyé àtijọ́, ife ìpèníjà ni ó gbà, kò fi ọwọ́ kan ti líìgì. Bí ìlú kan bá ní irú ohun bẹ́ẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó yẹ kí ilé máa ṣófo lọ́jọ́ ìdíje.

Ọkùnrin kan wà ní Ìkẹ́nnẹ́ tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé ó ṣì ń kí mi dáadáa. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí pápá náà ju ibi tí ọmọdé lè sọ òkò dé lọ, ṣùgbọ́n bí Remo Stars bá ní ìdíje nílé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ni ẹ ó bá a, tí ó gbé fóònù ti agolo mílíìkì, tí ó tẹjú mọ́ ọn. Mo yà kí i lọ́jọ́ kan. Lójú fóònù, agbábọ́ọ̀lù kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ sí igun pápá, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. Lẹ́yìn ògiri, láti orí pápá gan-an, ariwo góòlù ti bú jáde, ìlù ti yí ohùn padà, adìẹ ti fò gun orí ọgbà. Ọkùnrin yìí kò mira. Ìyàwó rẹ̀ yọjú láti ilé ìdáná, ó ní, “Bàbá Ṣẹ́gun, ẹ ò gbọ́ ni? Wọ́n ti gbá a wọlé o!” Ó gbé ọwọ́ sókè pé kí ó dákẹ́: “Jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ mi ná.” Ó sì jókòó síbẹ̀, ó di ayọ̀ mú, ó ń retí góòlù tí gbogbo ìlú ti yọ̀ sí tán, títí òbírí kékeré kan fi yọ sójú fóònù, tí ó ń yí, tí ó ń yí, tí iṣẹ́ kan sì tẹ̀ lé e wá pé dátà rẹ̀ ti tán. Góòlù yẹn, títí di òní olónìí, kò tí ì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Bí ẹ bá bi àwọn tí ó mọ ẹ̀rọ léèrè, wọn yóò sọ fún yín pé kò sí àjẹ́ nínú rẹ̀. Kámẹ́rà ni yóò ya ìran ní Ìkẹ́nnẹ́, ẹ̀rọ yóò gé e wẹ́wẹ́ bí ilá, íntánẹ́ẹ̀tì yóò gbé wẹ́wẹ́ náà lọ sí àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá tí ó lè wà ní Èkó, tí ó sì lè wà lókè òkun, ibẹ̀ ni fóònù yóò ti máa ṣà á wá, kò sì ní fi ìkankan hàn títí yóò fi kó díẹ̀ pamọ́, kí ó má baà di pé ìran já lójijì. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ti íntánẹ́ẹ̀tì fi sábà máa ń pẹ́ lẹ́yìn ti sátẹ́láìtì, tí ti sátẹ́láìtì náà sì ń pẹ́ lẹ́yìn ojú lásán. Ṣé ẹ wá rí i báyìí? Ìran tí ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìnkùlé ọkùnrin yìí ni ó kọ́kọ́ lọ sí Sókótó kí ó tó padà wá bọ́ sínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì san owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀. Bí a bá pe akígbe kan pé kí ó wá ki irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, mo rò pé báyìí ni yóò kì í: Fóònù, a-kéré-bí-àtẹ́lẹwọ́-gbé-pápá-mì, a-jẹ-dátà-má-yó, ọmọ a-jẹ-káádì-má-pọ̀fọ́n, ó gbọ́ ti Lọ́ńdọ̀n ó sáré, ó gbọ́ ti Ìkẹ́nnẹ́ ó ń yí gbirigbiri, ọ̀rẹ́ kòríkòsùn nígbà tí dátà ń bẹ, dígí lásán lọ́wọ́ ẹni tí dátà rẹ̀ tán.

Ìlú mìíràn ni ó yẹ kí irú èyí ti máa ṣẹlẹ̀, kì í ṣe Ìkẹ́nnẹ́. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ní 1953, nígbà tí Gómìnà Macpherson bọ́ sórí rédíò ìjọba tí ó fi ọ̀rọ̀ na Awólọ́wọ̀ àti ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ ní ẹgba, Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà bọ́ síbẹ̀ kí òun fèsì, wọ́n ní kò sí àyè. Ẹni tí a sì fi àyè dù ni ó lọ kọ́ àyè tirẹ̀, nítorí pé nígbà tí ó di ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí ó jẹ́ olórí rẹ̀ ṣí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ní Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ń fi yangàn pé òun ni àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Afẹ́fẹ́ ni ìran náà ń gbà wá, afẹ́fẹ́ kì í sì í béèrè owó oṣù. Ẹni tí ó bá ra ẹ̀rọ náà ní àdúgbò, gbogbo àdúgbò ni ó rà á fún: àgbàlagbà nínú ilé, ọmọ ilé lórí ẹní, ọmọ aládùúgbò lójú fèrèsé, tí ìyá onílé ń pariwo pé kí wọ́n má fa nẹ́ẹ̀tì òun ya. Kí WNTV tó dé, Rẹ́dífúsọ̀n ti wà, àpótí rédíò ara ògiri tí wọ́n fi wáyà fà wọ inú ilé, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1935, tí a sì ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù. Ẹni tí ó bá ní owó oṣù jẹ́ ohun tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé, kí ó lọ bi bàbá rẹ̀ àgbà.

Láti ìgbà tí díṣì ti gun orí òrùlé wa, àwa ni a ń yí, kì í ṣe fóònù nìkan. Ní 2007, HiTV gba bọ́ọ̀lù Gẹ̀ẹ́sì mọ́ DStv lọ́wọ́, a sáré ra dikódà rẹ̀. Ní 2010, bọ́ọ̀lù Gẹ̀ẹ́sì padà sí ilé tí ó ti wá, dikódà HiTV sì di ohun tí a fi ń ṣe ìdènà ilẹ̀kùn kí afẹ́fẹ́ má baà ti í. Líìgì tiwa ńkọ́? Láti 2007 ni ìkànnì SuperSport ti ń gbé e sáfẹ́fẹ́. Ní 2017, wọ́n ká wáyà wọn lọ, ó sì di pé ọmọ Rẹ́mọ tí ó fẹ́ rí ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Kánò kò fi bẹ́ẹ̀ rí nǹkan kan, àfi nígbà tí wọ́n gbé e dé orí áàpù tí wọ́n ní ó ti sún mọ́ wa. Ẹni tí ó sì dúró ti díṣì rẹ̀ tọkàntọkàn, ohun tí ó rí gbà fún ìdúróṣinṣin rẹ̀ ni pé owó àkójọpọ̀ tí ó ga jù lọ lórí DStv fò láti 37,000 náírà sí 44,500 ní oṣù Kẹta 2025, nígbà tí owó oṣù tí ó kéré jù lọ ní Nàìjíríà jẹ́ 70,000. Ẹni tí ó bínú tí ó ní òun yóò sá lọ sórí dátà, ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún yẹn kan náà ni àjọ NCC ti fún àwọn oníléeṣẹ́ fóònù láyè láti fi owó lé owó, títí dé ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó sá fún ikú, ó bọ́ sí àkàtà àrùn.

Ṣùgbọ́n kí n má ṣe bí ẹni pé orí wa nìkan ni ó dà rú; àwọn ará Amẹ́ríkà ti fi nǹkan yìí ṣe ohun tí ó ju tiwa lọ. Àwọn yunifásítì wọn ní ẹgbẹ́ ìdíje, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ láàárín ilé-ìwé tí ó múlé gbe ara wọn, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé lè wọ ọkọ̀ lọ ká ara wọn mọ́lé, kí wọ́n sì ṣe ẹ̀fẹ̀ ara wọn padà sílé. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n gbé owó dé, gbogbo wọn gbàgbé ẹni tí ó múlé gbè wọ́n. Ẹgbẹ́ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Big Ten, Ẹ̀ẹ́wàá Ńlá. Ilé-ìwé méjìdínlógún ni ó wà nínú rẹ̀ báyìí, àwọn àgbà sì ti sọ pé ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹgbẹ́ mìíràn, Pac-12, tí ó ti wà létí òkun Pàsífíìkì láti 1915, dá tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ sílẹ̀ ní 2012 fún àwọn oníwáyà, ọ̀pọ̀ ilé kò sì rí i wò. Nígbà tí ó di 2023, àwọn olórí ẹgbẹ́ náà ní kí àwọn ilé-ìwé tí ó ṣẹ́kù fara mọ́ Apple, kí eré wọn máa lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí iye tí wọn yóò rí gbà sì dúró lórí iye ènìyàn tí ó bá sanwó láti wò ó. Ilé-ìwé gbọ́ “bóyá,” wọ́n di ẹrù. Nínú ilé-ìwé méjìlá, bí a bá ka àwọn tí ó ti lọ ṣáájú mọ́ wọn, mẹ́wàá ni ó sá lọ, ó ku méjì tí ń wo ara wọn lójú. Stanford àti California, tí ó jẹ́ pé ìhà òkun Pàsífíìkì ni wọ́n wà, lọ wọ ẹgbẹ́ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Etí Òkun Àtìláńtíìkì. Ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Lọ́dọ̀ tiwọn, wọ́n sọ ọmọ lórúkọ tán, wọ́n wá gbé ilé sá lọ. Àwọn méjì tí ó ṣẹ́kù sì ti pe àlejò wálé, ọ̀kan nínú àwọn àlejò náà sì jẹ́ yunifásítì láti Texas, tí kò bá òkun Pàsífíìkì pààlà níbì kankan.

Àwọn bàbá tiwa náà ti kó ara wọn jọ rí: ní 1872, nígbà tí ogun kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn, ìlú mẹ́tàlá ní Rẹ́mọ kó jọ sí ojú kan, Òfin, Màkún, Sónyìndó àti àwọn yòókù, wọ́n sì di Ṣàgámù. Ẹni tí oko rẹ̀ kan oko ẹnìkejì ni wọ́n, olúkúlùkù sì gbé orúkọ rẹ̀ àti òrìṣà rẹ̀ dání. N kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn kọ́kọ́ béèrè iye tí ará òkèèrè yóò san láti wo bí wọ́n ti ń kó ẹrù. Mo sì ti rò ó pé bí àwọn ará Amẹ́ríkà bá ń wá ilé-ìwé kún ẹgbẹ́ wọn báyìí, bí wọ́n bá yà sí Ìlíṣàn wá fi owó lọ Yunifásítì Babcock, wọn ì bá kọsẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni ìdíje tiwọn sábà máa ń bọ́ sí, Ìjọ Adventist ni ó sì ni Babcock. Sátidé ni Sábáàtì wọn. Kì í ṣe gbogbo ẹnu ọ̀nà ni owó tẹlifíṣọ̀n mọ̀ ọ́n ṣí.

Bí ẹnì kan bá tilẹ̀ jèrè nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọkùnrin tí ó ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ní Ṣàgámù, lọ́nà Sábó, ni. Ó ní díṣì, ó ní dikódà méjì, ó ní fóònù tí ó fi wáyà so mọ́ tẹlifíṣọ̀n fún ìdíje tí díṣì kò bá ní, ó ní jẹnẹrétọ̀ fún ìgbà tí NEPA bá ṣe bí wọ́n ti ń ṣe. Lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ àti ọlọ́kadà àti àlàgbà ṣọ́ọ̀ṣì ń fi ejìká gbá ara wọn, wọ́n ń bú rẹfirí tí kò gbọ́ wọn. Pátákó dúdú wà lẹ́nu ọ̀nà tí ó fi ẹfun kọ ìdíje ọjọ́ náà sí, pẹ̀lú iye owó tí ènìyàn yóò san. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní ọjọ́ tí Remo Stars ní ìdíje nílé: Lọ́ńdọ̀n wà níbẹ̀, Màdírì wà níbẹ̀, Turin wà níbẹ̀, n kò rí Ìkẹ́nnẹ́. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tí àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé sí lára, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ta ni yóò sanwó wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìnkùlé?” Ó sì na ọwọ́ gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó tẹ̀ lé mi.