Wọ́n Ní Kí Ló Gbé Mi Kúrò

Ẹ bá mi dá sí i o, ẹ̀yin ará. Wọ́n pè mí fún íntáfíù iṣẹ́ ọ̀gá àgbà. Iṣẹ́ ọ̀hún, mo mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Súùtù wà nílẹ̀, bí mo bá ti lè fa ikùn wọlé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kò jẹ́ kí n rí oorun sùn: bí wọ́n bá ní, "Kí ló gbé yín kúrò níbi tẹ́ ẹ ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀?", kí ni n ó wí?

Wọ́n lé mi ni, ó tán. Láàárọ̀ ni lẹ́tà dé, kó tó di ọ̀sán wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Màrúwá ló gbé mi wọ Adéwọlé ní Ìlọrin, páálí ìwé lórí itan mi, gbogbo àdúgbò sì ń kí mi kú àbọ̀ bí ẹni tó ti Mẹ́kà dé.

Látìgbà náà, kò sẹ́ni tí kì í ṣe agbaninímọ̀ràn. Alhaji òdìkejì wa ní kí n sọ pé mo fẹ̀yìn tì. Èmi tí irun mi ṣì dúdú kirikiri! Àbúrò ìyàwó mi ní kí n sọ pé ilé iṣẹ́ ń ṣe àtúntò. Àtúntò wo? Èmi nìkan ni wọ́n tò dànù. Ààfáà wa ní kí n mú orúkọ àwọn tó máa bi mí léèrè wá, tòun ti orúkọ ìyá wọn. Ṣé kí n kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n fi orúkọ ìyá wọn ránṣẹ́ ṣáájú ni?

Mo sáré tọ lọ́yà lọ. Òfin Iṣẹ́ ti 1974 ní ẹni tó bá ti lo ọdún márùn-ún, ó kéré tán, oṣù kan ni kí wọ́n fi kìlọ̀ fún un. Mo ti ń rẹ́rìn-ín kí lọ́yà tó ṣí ojú ìwé mìíràn: òfin ọ̀hún kò ka aláṣẹ mọ́ òṣìṣẹ́. Ọdún tí mo fi ń jẹ "ọ̀gá, ọ̀gá" ló wá di ẹ̀sùn sí mi lọ́rùn.

Àwọn olùkọ́ Yunifásítì Ìlọrin sàn jù mí lọ. Mọ́kàndínláàádọ́ta ni wọ́n lé ní 2001 nítorí ìyanṣẹ́lódì ẹgbẹ́ wọn, ASUU. Wọ́n bá a yí ní kóòtù títí di 2009, tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní kí wọ́n dá wọn padà. Ìyà ńlá ni, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n ní ohun tó gbé wọn kúrò, ìdájọ́ ni wọn yóò nà sí i. Èmi, ìwé owó ìdágbére tí mo fọwọ́ sí wẹ́rẹ́ ni mo ní.

Lálẹ́ àná, mo ní kí Àmínátù, àkọ́bí mi, ṣe bí ọ̀gá kó bi mí léèrè. Ọmọ yìí tó ń kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀ gbé gíláàsì ìyá rẹ̀ sójú, ó ní, "Ẹ jókòó, sà. Kí ni kùdìẹ̀-kudiẹ yín?"

Mo ní mi ò ní. Ó kọ nǹkan sílẹ̀.

"Kí lò ń kọ?"

"Ẹ má bínú, Dádì, ẹni tó ń wáṣẹ́ kì í bèèrè."

Ìyá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín ní kíṣínnì. Ó wá kan ìbéèrè ọ̀hún. Mo ṣàlàyé, mo dárúkọ ẹni tó purọ́ mọ́ mi, mo dárúkọ ẹni tó gbà á gbọ́, iná lọ, mi ò dákẹ́. Àmínátù tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, ó to bébà rẹ̀ pọ̀.

"Ẹ ṣé, sà. A máa pè yín." Ó wá tẹ́wọ́ fún owó dátà.