Oríkì Bátìrì, Ọmọ Ta-Ló-Ni-Ín

Ẹ yàgò! Ẹ fi ọ̀nà sílẹ̀! Bátìrì kọ̀ǹpútà alágbèéká ń bọ̀, a-jókòó-sórí-itan-olówó-rú-èéfín, a-dákẹ́-rọ́rọ́-bí-ẹni-tó-sùn-kó-tó-tutọ́-iná. Kò gbé idà, kò mú ìbọn dání. Síbẹ̀, nínú ìpàdé kan tí wọ́n ṣe ní Osaka, ní Japan, ní oṣù kẹfà ọdún 2006, òun nìkan ló gba ojú agbo. Kọ̀ǹpútà Dell kan gbiná níbẹ̀, àwòrán rẹ̀ sì gba orí íntánẹ́ẹ̀tì ká. Akọni wo ló tún ń wá òkìkí jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Kò pẹ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wárí fún un. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún náà, Dell pe bátìrì mílíọ̀nù 4.1 padà. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Apple pe mílíọ̀nù 1.8 padà láti inú iBook G4 àti PowerBook G4. Nínú oṣù kẹsàn-án, kọ̀ǹpútà ThinkPad èrò kan rú èéfín ní pápákọ̀ òfurufú Los Angeles. Kí oṣù ọ̀hún tó parí, Lenovo àti IBM, àwọn tó ta ThinkPad, náà ti ké sí àwọn oníbàárà pé kí wọ́n dá nǹkan bí 526,000 padà. Toshiba tẹ̀lé e, Fujitsu tẹ̀lé e. Nígbà tí wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó tó mílíọ̀nù 9.6. Ọba mìíràn a máa ka ìlú tó ṣẹ́. Tiwa ń ka ilé-iṣẹ́ tó dójú tì.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ki akọni gbọ́dọ̀ dárúkọ orílẹ̀ rẹ̀. Ọmọ ta ni?

Ibẹ̀ ni ahọ́n akígbe ti kọ́. Orúkọ Dell ló wà lára rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n tà á, Dell ló sì gbowó. Bí a bá já èèpo rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì Sony ló wà nínú. Bákan náà ni ti Apple, bákan náà ni ti Lenovo. Lọ́jọ́ ọjà, kò sẹ́ni tó rántí Sony. Lọ́jọ́ èéfín, gbogbo wọn rántí ilé ìyá ọmọ.

Sony kúkú kò sẹ́ ọmọ. Wọ́n ní ẹ̀rún irin tíntìntín ló já sínú àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nígbà tí wọ́n ń ṣe wọ́n. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọ̀pá kékeré tó fẹ̀ ní mìlímítà 18, tó gùn ní 65, mẹ́fà tàbí mẹ́sàn-án sì lè wà nínú bátìrì kan. Àárín sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti ká ìhà méjì tí kò gbọdọ̀ kan ara wọn jọ, ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló là wọ́n láàárín. Bí ẹ̀rún irin bá gún ọ̀rá yẹn, ìhà méjèèjì pàdé. Lọ́pọ̀ ìgbà, bátìrì á kàn kú jẹ́ẹ́. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ooru á bẹ̀rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì kan á ran èkejì: a-jó-ará-ilé-kó-tó-jó-ará-òde!

Sony wá fi gbólóhùn kan kún un: bí oníkálukú ṣe to kọ̀ǹpútà tirẹ̀ náà lọ́wọ́ nínú bóyá ooru yẹn á di iná. Àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà ní sẹ́ẹ̀lì ló dọ̀tí. Òótọ́ wà nínú méjèèjì, ìyẹn gan-an ló mú kí ẹjọ́ náà dùn ún gbé sá kiri. Kẹ́ni kẹ́ni má sì sọ pé òun kò mọ̀. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2005 ni Dell àti Sony ti ń jíròrò lórí ẹ̀rún irin náà, nígbà tó sì di oṣù kejìlá, Dell pe bátìrì bí 22,000 padà ní Amẹ́ríkà. Oṣù mẹ́jọ ṣì kù kí mílíọ̀nù 4.1 tó dé. Ẹni tó ṣe sẹ́ẹ̀lì ló kọ́kọ́ jẹ̀bi, àmọ́ ẹni tó lẹ orúkọ ara rẹ̀ mọ́ ọjà tó sì gbowó rẹ̀ kò lè sọ ara rẹ̀ di àlejò nílé ara rẹ̀.

A-mú-ọ̀gá-Sony-tẹríba! Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá ọdún 2006, àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà tẹríba ní gbangba ní Tokyo. Wọ́n ṣírò owó ìpèpadà sí bílíọ̀nù 51 yẹ́ẹ̀nì. Sony gbé owó yẹn, ó yẹ kí a fún wọn ní ẹ̀tọ́ wọn.

Iṣẹ́ yòókù ńkọ́? Oníbàárà ló dojú kọ̀ǹpútà délẹ̀, tó ń wo nọ́ńbà wínníwínní bí ẹni ń ka àyájọ́. Òun ló yọ bátìrì, tó so ẹ̀rọ mọ́ iná ara ògiri títí èyí tuntun fi dé. A-sọ-alágbèéká-di-àgbékalẹ̀! Àwọn ti ọdún 2006 tilẹ̀ ṣeé yọ. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún 2019 tí Apple ń pe MacBook Pro 432,000 padà ní Amẹ́ríkà nìkan, inú ẹ̀rọ ni bátìrì wà pinpin; wọ́n ní kí oníbàárà má lò ó mọ́ rárá, kó gbé odidi kọ̀ǹpútà wá. Àjọ FAA, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà, sì rán àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú létí pé bátìrì tí wọ́n ti pè padà kò gbọdọ̀ wọ̀lú ojú ọ̀run.

Ẹni tó ra tòkunbọ̀ ní Computer Village, Ìkẹjà, ni kò sẹ́ni tó rántí nínú gbogbo ìkéde yìí. Ẹni tó kọ́kọ́ ra ọjà ni lẹ́tà ìkìlọ̀ ń wá kiri, ní Texas tàbí ní Manchester, nígbà tí akọni wa ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Ẹni tó gbé e sórí itan báyìí, àfi kó fúnra rẹ̀ lọ tẹ nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́, bí nọ́ńbà náà kò bá tíì pa rẹ́.