Lẹ́tà Ṣíṣí sí Dókítà Halsted ti Baltimore: Ọ̀bẹ Yín Mú Jù

Dókítà William Halsted, ọ̀gá àwọn oníṣẹ́ abẹ,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Láti 1922 tí ẹ ti papòdà, ìròyìn pọ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní Paris lẹ máa ń fi ṣẹ́ẹ̀tì yín ránṣẹ́ sí fún fífọ̀, torí alágbàfọ̀ Amẹ́ríkà ò tẹ́ yín lọ́rùn. Ta ni yóò wá kọ́ irú yín ní iṣẹ́ abẹ?

Ní 1894, ẹ kọ̀wé nípa obìnrin 50 tó ní jẹjẹrẹ ọmú. Ẹ gé ọmú, ẹ gé ẹran àyà abẹ́ rẹ̀, ẹ tún ha abíyá bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò àsè. Àwọn oníṣẹ́ abẹ bá sọ ọ́ di òfin. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó bá bèèrè ẹ̀rí, orúkọ yín ni wọ́n fi ń dá a lóhùn.

Oníṣẹ́ abẹ Bernard Fisher, tó di olórí NSABP, ẹgbẹ́ tó ń ṣèwádìí ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú, ní 1967, ló kọ̀: ó bèèrè bóyá gígé ẹran àyà ń fi kún ẹ̀mí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n apá ọsibítù kan ò ká irú ìbéèrè yìí: aláìsàn ibẹ̀ ò ní pọ̀ tó, ọ̀gá ibẹ̀ á sì ti mọ ìdáhùn tó wù ú. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, Dókítà, àyà yìí náà tí ẹ̀ ń gé ẹran rẹ̀ dànù. Láti 1971, ọsibítù 34 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà tẹ̀ lé ìlànà kan náà fún obìnrin tó lé ní 1,600. Gègé ni wọ́n ṣẹ́ láti mọ ẹni tí wọn yóò ṣe tiyín fún, àti ẹni tí wọn yóò yọ ọmú fún láìfọwọ́ kan ẹran àyà. Kí ọ̀gá oníṣẹ́ abẹ dúró níwájú aláìsàn, kó ní, "Mi ò mọ èyí tó dára jù"! Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyẹn le ju iṣẹ́ abẹ lọ.

Wọ́n tọpa àwọn obìnrin náà fún ọdún 25. Àwọn tí wọ́n ṣe tiyín fún ò pẹ́ láyé ju àwọn yòókù lọ. Ìwádìí míràn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1976, tiẹ̀ fi hàn pé a lè yọ kókó náà nìkan, ká fi ìtànṣán tọ́jú ọmú tó kù, kí ẹ̀mí obìnrin náà sì gùn bákan náà.

Mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ ti dókítà Montreal tó yí àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn kan nínú ìwádìí ẹgbẹ́ Fisher. Òótọ́ ni, ariwo rẹ̀ ta ní 1994. Wọ́n yọ àwọn aláìsàn ọsibítù rẹ̀ kúrò, wọ́n tún ìṣirò ṣe, ìdáhùn ò yí. Ká ní ọsibítù kan ṣoṣo ló ṣèwádìí náà ńkọ́?

Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí ẹ ní kí wọ́n ṣe fún nọ́ọ̀sì Caroline Hampton, tí ẹ padà fi ṣaya, ìyẹn la gbà lọ́wọ́ yín láìjanpata. Ní ti ẹran àyà, ẹ jẹ̀bi.