Áyọ́ọ̀nù Ìyàwó Mi àti Góòlù Adingra

Ẹ̀gbọ́n mi tó ní ṣọ́ọ̀bù géèmù ní Dar-es-Salam, ní Bouaké níbí, ti ń fi "ẹ" kí mi láti oṣù kejì ọdún 2024. "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ẹnjiníà." Tí àgbà bá bẹ̀rẹ̀ sí í bu ọ̀wọ̀ fún àbúrò rẹ̀ báyìí, gbogbo ọmọ Èjìgbò tó wà nílùú yìí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ọwọ́ ara mi ni mo sì fi bà á jẹ́.

Ṣájà, bátìrì àti ojú fóònù ni mo ń tà ní Commerce. Mo lè pààrọ̀ ojú fóònù kí oníbàárà tó jẹ ẹ̀pà ọwọ́ rẹ̀ tán, ìyẹn gan-an ló kó bá mi. Mo ti fá orí fún aráyé títí, mo wá rò pé mo lè la orí.

PlayStation 3 àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ ẹ̀gbọ́n mi tó dá wàhálà yìí sílẹ̀, èyí tó sanra bíi búrẹ́dì, tó dé Yúróòpù ní oṣù kẹta ọdún 2007. Tòkúnbọ̀ ni. "France au revoir" ni wọ́n ń pe irú ẹrù bẹ́ẹ̀ níbí, bí ẹni pé ẹrù náà fúnra rẹ̀ ló dágbére fún ilẹ̀ Faransé. Ẹ̀gbọ́n mi kò lè fi ṣeré, nítorí ó ń gba ọ̀pọ̀ CD PlayStation 2, àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ kì í sì í gbà á. Àwọn ọmọ a máa san ọgọ́rùn-ún fráǹkì láti fi Drogba gbá bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún nínú eruku àti ooru wa, ó tan iná àwọ̀ ewé lọ́jọ́ kan, ó ṣẹ́ yẹ́lò fìrí, ó ké pí-pí-pí, ó sì ń ṣẹ́jú pupa. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pe yẹ́lò yẹn ní iná ikú.

Mo ní kó gbé e wá. Mo ṣáà ti wo fídíò méjì. Mo tú u, mo kọ búlówà sí RSX, ìyẹn áísì tí Nvidia bá Sony ṣe, tó ń ya àwòrán sójú tẹlifíṣàn. Mo fẹ́ ẹ bí ẹni ń yan àgbàdo. Ó tàn! Ẹ̀gbọ́n mi fún mi ní 10,000 fráǹkì pẹ̀lú àdúrà. Kílẹ̀ tó ṣú, mo ti lẹ páálí mọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù mi: "Réparation PlayStation, 100%".

Ọjọ́ kọkàndínlógún ló tún kú.

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kó hàn. Mo ní áísì tuntun ló kù. Mo pe ẹnì kan ní Black Market, Adjamé, l'Abidjan, ó sì yọ RSX kan fún mi lára ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ 90 nanometre, èyí jẹ́ 40: ó kéré, kì í gbóná tó ti tẹ́lẹ̀, kì í sì í jẹ iná púpọ̀. Òótọ́ nìyẹn. Mo wá fi tèmi kún un pé àwòrán á dán ju ti àná lọ. Irọ́ ńlá! Áísì tuntun kì í fi ẹwà kún géèmù àtijọ́.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí kì í gbóná bọ́ọ̀dù láti òkè nìkan, kó má baà ká kò. Ẹ̀rọ kan wà tó ń gbé ooru wá láti ìsàlẹ̀. Èmi kò ní in, ṣùgbọ́n ìyàwó mi ní áyọ́ọ̀nù. Mo dojú rẹ̀ sókè láàárín búlọ́ọ̀kù méjì, mo gbé bọ́ọ̀dù lé e.

Sátidé, ọjọ́ kẹta oṣù kejì ni. Côte d'Ivoire ń bá Mali gbá bọ́ọ̀lù Ife-Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní Stade de la Paix, ní ìlú wa níbí. Mo ní, ó dára, kò sẹ́ni tó máa dí mi lọ́wọ́ lónìí.

Áísì àtijọ́ kọ̀, kò ṣí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2006 ni òfin Yúróòpù ti lé òjé kúrò nínú irú ẹ̀rọ wọ̀nyí. Irin tí wọ́n fi ń jó áísì mọ́ bọ́ọ̀dù, tó bá ní òjé, a máa yọ́ ní 183°C, èyí tí kò ní in fẹ́ tó 217. N kò ní sùúrù. Mo ti ọ̀bẹ bọ abẹ́ rẹ̀, ó sì jáde, òun pẹ̀lú ojú bàbà bíi mélòó kan tó yẹ kó dúró sára bọ́ọ̀dù. Mo rí i. Mo gbé ojú kúrò níbẹ̀.

Mo wá ń sọ èyí tuntun kalẹ̀. Mali ti gbá ọ̀kan wọlé, ènìyàn mẹ́wàá ló kù fún Côte d'Ivoire, àdúgbò sì pa lọ́lọ́ bí ilé òkú. Ní ìṣẹ́jú àádọ́rùn-ún, Adingra gbá a wọlé fún Côte d'Ivoire. Gbogbo Bouaké kígbe lẹ́ẹ̀kan náà, èmi náà sì fò sókè. Áísì yọ̀ lórí irin tó ti yọ́, ó lọ jókòó síbi tí a kò pè é sí. Áyọ́ọ̀nù ṣubú lé àga, orí léèsì funfun tí ìyàwó mi fẹ́ wọ lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí Diakité fi máa gbá tirẹ̀ wọlé ní òpin àfikún àkókò, omi ni mo ń dà. Ilẹ̀ Côte d'Ivoire wọ semifáínà. Èmi wọ yàrá àwọn ọmọ lọ sùn.

Mo gbé òkú náà wọ bọ́ọ̀sì, ó ju ọ̀ọ́dúnrún kìlómítà lọ, ó di Abidjan. Ọmọkùnrin kan tó ń tún géèmù ṣe fi awò wò ó títí.

"Vieux père, ta ló ṣe èyí?"

"Ọmọ iṣẹ́ mi kan ni."

"Ṣé ẹ ti lé e?"

"Mo ti lé e."

"Ẹ ṣeun."

Ó wá là mí lọ́yẹ̀. Búlówà tí "ọmọ náà" fẹ́ kò wo nǹkan kan sàn. Inú áísì fúnra rẹ̀ ni àwọn ìsopọ̀ tíntìntín ti máa ń já kúrò lórí ìjókòó wọn. Ooru kàn ń jẹ́ kí wọ́n tún fara kanra fúngbà díẹ̀ ni. Ó ní kí n má banú jẹ́ púpọ̀, pé Microsoft pàápàá ya owó tó ju bílíọ̀nù kan dọ́là sọ́tọ̀ ní oṣù keje ọdún 2007 nítorí Xbox 360 tó ń kú. Ní ti áísì 40 yẹn, ká ní mo tiẹ̀ jó o pé, áísì kékeré mìíràn wà lórí bọ́ọ̀dù tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, kò sì mọ àlejò náà rí. Àfi kí wọ́n kọ́kọ́ tún ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ kọ, kó tó lè jẹ́ kó wọlé.

Ó ra bọ́ọ̀dù náà ní 3,000 fráǹkì, kó lè máa yọ ara rẹ̀ lò. Kò tó ra ọ̀pá léèsì kan.

Bí mo ṣe ń jáde, ó pè mí padà. "Vieux père, tí ẹ bá rí ọmọ iṣẹ́ yẹn, ẹ ní kó wá bá mi. Màá kọ́ ọ níṣẹ́, n kò ní gba owó."

Mo ní màá jíṣẹ́ fún un.